Ọgọ́rin Ti Pọ̀ Jù fún Awakọ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Wọ́n dájọ́ lónìí. Owó ìtanràn díẹ̀, ó parí. Ọkùnrin tó gbá àbúrò mi lórí kẹ̀kẹ́, tí táyà rẹ̀ gun ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà, wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ lójú wa, ó wà á lọ sílé.

Adájọ́ kò ṣe ojúsàájú, èyí gan-an ló ń dùn mí. Ó ka ohun tí ẹ̀rọ tí ọlọ́pàá fi ń wọn ọtí lára awakọ̀ sọ lọ́jọ́ náà síta: mẹ́rìnléláàádọ́rin. Òfin ní kí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ má ṣáà ti kọjá ọgọ́rin. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹni tí òfin kò pè ní ọ̀mùtí, èmi kò lè pè é bẹ́ẹ̀. Ilé aṣòfin ló ń ṣe òfin, kì í ṣe èmi."

Nígbà tí à ń padà bọ̀ wálé, mo ń wa ọkọ̀, mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò mi jókòó tì mí, ó gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì sórí itan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Ẹ ti kọjá iná pupa."

Lóòótọ́ ni. Èmi tí mo ní ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, tí aráyé ń pè ní Tíṣà!

Nígbà tí a délé, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀. Àbí ẹ̀yin lẹ máa yí òfin padà ni?"

Mo wọ yàrá mi lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Òjò láti àárọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò yọjú. Epo tún ti gbówó lórí, bí mo bá sì fi kọ́bọ̀ kan lé owó ẹ̀kọ́, wọn á sá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní jákujàku.

Mo fi ọjọ́ náà lọ sí ọ́fíìsì aṣòfin àdúgbò wa, obìnrin tí a dìbò fún torí pé ó máa ń gbé fóònù. Yàrá tóóró, fáànù tó ń ké bí adìẹ tó fẹ́ yé. Mo ti múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Kò jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbé àbá náà wá rí, kí wọ́n fà á wálẹ̀ láti ọgọ́rin sí ogún. Wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyá ìjọ ló fẹ́ wá gba ìgò lọ́wọ́ ọkùnrin.

"Àwọn dókítà ti wá sọ̀rọ̀," ló wí. "Wọ́n ka iye òkú fún wọn títí. Iye òkú kì í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù àfi tó bá kan ará ilé rẹ̀. Tíṣà, etí wọn ti di. Ẹ wá nǹkan tí ojú wọn máa rí."

Ilé aṣòfin yóò gbọ́ tẹnu aráàlú lórí àbá náà ní oṣù tó ń bọ̀. Ó ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ kí n tó dìde lórí àga.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo lọ bá Màmá Kékeré, tó tọ́ mi dàgbà, ní ṣọ́ọ̀bù ọtí rẹ̀, kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ òfin yìí lẹ́nu èmi fúnra mi. Ó ti gbọ́. Ó ń nu káńtà, kò gbójú sókè.

"Ọtí yìí náà ló rán ọ nílé ìwé nígbà tí ìyá rẹ kú. Ọtí yìí náà ló ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí o fi ń kọ́ni."

"Ẹ̀yin lẹ rà á fún mi, Màmá. Kì í ṣe ọtí."

"Ṣé omi ni mo wá tà ni?"

Àwọn oníbàárà méjì tó jókòó sí kọ̀rọ̀ ń wo inú ife wọn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀.

"Gbọ́ mi," ó ní. "Àwọn tó ń pa èèyàn lójú títì, àwọn tó mu àmuyíràá ni. Òfin tó wà nílẹ̀ pàápàá, wọ́n ti fò ó kọjá. Tuntun tí ẹ ń wá, kò ní mú wọn. Àwọn oníbàárà mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí wọ́n ń mu ìgò méjì kí wọ́n tó relé, àwọn lẹ máa lé. Ẹni a tọ́ dàgbà ló wá fẹ́ fọ́ ìkòkò ẹni."

Mo dìde, mo kúnlẹ̀, mo ní kó má bínú. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Ó padà sídìí káńtà tó ń nù.

Ohun tó sọ nípa àwọn ọ̀mùtí paraku yẹn, òótọ́ wà níbẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ bi ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí aṣòfin wa sọ léèrè.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Màmá Kékeré kò gbé fóònù mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo lọ sí gáréèjì lónìí, sí ìpàdé ẹgbẹ́ awakọ̀. Bí àwọn awakọ̀ bá kọ̀, kò sí aṣòfin tó máa gbójú sókè.

Alága wọn tóbi bí ilẹ̀kùn. Ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tíṣà, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ń kọ́ ọmọdé bí wọ́n ṣe ń yí ìdarí ọkọ̀. Àwa, ọ̀nà mọ̀ wá ní orúkọ. Ìgò méjì kì í ṣe ọtí fún mi, oògùn ojú ni." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan kígbe látẹ̀yìn pé ọlọ́pàá ló máa fi òfin náà jẹun. Ẹ̀rín tán lórí ìyẹn. Wọ́n ń mi orí.

N kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi: "Alága, ẹ wá wa ọkọ̀ ní pápá ilé ẹ̀kọ́ mi. Ẹ wà á kí ẹ tó mu, kí ẹ tún wà á lẹ́yìn tí ẹ bá mu. Kí ẹ má sì mu kọjá ohun tí òfin gbà."

"Alága, ẹ lọ o! Ẹ lọ gbà á!" Gáréèjì dàrú. Ọkùnrin náà kò lè sá mọ́, kò sì fẹ́ sá.

"Bí mi ò bá kọlu nǹkan kan, ẹ máa fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀?"

"Màá fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá kọlu nǹkan ńkọ́?"

"Màá tẹ̀lé yín lọ síwájú àwọn aṣòfin, màá fẹnu ara mi sọ ọ́."

A bọ ara wa lọ́wọ́. Ọwọ́ mi rì sínú tirẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Bó bá wà á dáadáa ńkọ́?"



Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọlọ́pàá ojú títì ti gbà láti gbé ẹ̀rọ wọn wá. Nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn náà yóò wà níbẹ̀. Dókítà sì fún mi lésì ọ̀rọ̀ Màmá Kékeré: ó ní níbi tí wọ́n bá ti fà á wálẹ̀, àwọn ọ̀mùtí paraku náà ń dín in kù, torí ẹni tó mọ̀ pé ìgò méjì á mú òun kò ní kúkú bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù: àbúrò mi wọ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti gbá a. Ère tí ọkọ mi máa ń wọ aṣọ fún lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ la fẹ́ lò bí ọmọdé tó ń sọdá, ó sì nílò pákó onítáyà tí a lè fi okùn fà. Àbúrò mi ní òun á ṣe é. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ́ pákó. Ó rẹ́ ẹ wọ́gọwọ̀gọ, ó bú pákó, ó bú ayùn, ó bú èmi tí mo dúró tì í. Ó ju ìyẹn nù, ó tún mú òmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́, pákó náà yí gẹ́rẹ́. A tì í láti ògiri dé ògiri bí ọmọ kékeré tó rí ohun ìṣeré tuntun.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Afẹ́fẹ́ wó gbogbo kóònù, ìyẹn àmì oníke ojú ọ̀nà, tí mo tò sí pápá. Mo tò ó padà. Ó tún wó o. Mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Kí n kọ ọ́ báyìí, kí ìtàn náà tó gùn ju bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ.

Pápá kún. Àwọn awakọ̀ wá, ìyàwó wọn wá, aṣòfin wa mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, tó fi mọ́ àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí. Oòrùn ń ràn ganrínganrín.

Alága kọ́kọ́ wà á láì mu nǹkan kan. Mo jókòó tì í nínú ọkọ̀ ìkọ́ni, níbi tí bíréèkì tèmi wà. Ó mọ ọkọ̀ wà, n kò ní purọ́. Ó ń yọ́ kọjá láàárín àwọn kóònù bí ejò nínú koríko. Nígbà tí àbúrò mi fa okùn, tí ère wa yọ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ tí a páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, nínú aṣọ ilé ìwé tí ọkọ mi rán fún un, Alága tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró. Èèyàn lè dùbúlẹ̀ sáàárín ọkọ̀ àti ère náà kó sì nà gbalaja. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ títí eruku fi sọ.

Ó wá jókòó sábẹ́ ìbòòji, ó mu ọtí tí òun fúnra rẹ̀ gbé wá. A dúró. Ó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ. Méjìdínláàádọ́rin. Ọlọ́pàá kígbe pé, "Kò tíì kọjá òfin!" Ariwo sọ. Ó dìde, ó rìn gbọnrangandan, ó kí àwọn ìyàwó lọ́kọ̀ọ̀kan láì ṣi orúkọ ẹnì kan pè. Ká ní ó wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi lásìkò yẹn, n kò ní mọ̀ pé ó mutí.

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

A tún gbéra. Ọkọ̀ sáré díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, Alága kò sì mọ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ra kóònù kan, kò mọ̀. "Tíṣà, ẹ ò rí i bó ṣe ń yọ̀?" ó ní. Kóònù mìíràn ṣubú. Ẹsẹ̀ mi wà lórí bíréèkì tèmi. Láti ọdún tí mo ti ń kọ́ni, ẹsẹ̀ yẹn kò dúró de àṣẹ rí. Lónìí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi.

Ère yọ. Mo rí i. Mo mọ̀ pé òun náà rí i, torí ó ní, "Háà!" Ṣùgbọ́n ẹnu ti débẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó dé.

Gbì!

Orí ère náà fò, ó yí gbirigbiri lọ síbi tí àwọn obìnrin dúró sí. Ọ̀kan nínú wọn figbe ta, igbe ẹni tó bímọ.

Alága kò ju ìdarí sílẹ̀. "Mo tẹ̀ ẹ́. Tíṣà, mo tẹ bíréèkì."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Alága."

"Ó ń ṣe mí bíi pé mo wà á ju ti àkọ́kọ́ lọ."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ gbé orí náà nílẹ̀, ó fi fìlà rẹ̀ nù ún, ó gbé e fún ọkọ mi. Ó wá yíjú sí àbúrò mi, tó ṣì di okùn mú lọ́wọ́ òsì.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n gbá?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹni tó gbá ọ, kí ni ẹ̀rọ sọ fún un?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́rin, sà."

Ọkùnrin ńlá náà wo ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. "Èmi, méjìdínláàádọ́rin. Mo kéré sí i. Ká ní ọmọ èèyàn nìyẹn, wọn ì bá ní kí n máa lọ sílé."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, àní àwọn aṣòfin tí ẹ̀rín kò wọ́n lẹ́nu wọn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló wa Alága lọ sílé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo sùn títí oòrùn fi wọlé bá mi. Ara mi fúyẹ́ bí ìyẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ti ń pín fídíò pápá náà kiri lórí fóònù. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mo bu oògùn sí ọtí Alága. Alága gbéra ó di ilé iṣẹ́ rédíò. Ó ní, "Èmi ni mo ra ọtí náà, èmi ni mo ṣí i, èmi ni mo mu ún. Ẹni tó bá ní oògùn ni, kó wá bá mi ní gáréèjì, kó wá gbé orí ère."

Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mẹ́ta forúkọ sílẹ̀ lọ́sàn-án. Màmá Kékeré kò tíì pè.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin

Wọ́n gbọ́ tẹnu aráàlú lónìí. Gbọ̀ngàn gbóná bí ààrò. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pọn ọtí, sọ̀rọ̀ dídùn fún ìgbà pípẹ́. Dókítà fèsì. Èmi náà sọ tèmi.

Nígbà náà ni ẹnì kan dìde nílà kejì pẹ̀lú gèlè tí mo mọ̀.

"Èmi ni mo tọ́ obìnrin tó dá gbogbo èyí sílẹ̀," Màmá Kékeré ní. "Ọtí ni mo ń tà. N kò fẹ́ òfin yìí. Ṣùgbọ́n n kì í ṣe apààyàn, kí ẹnikẹ́ni má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo ní. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kò sí ọkọ̀ èrò kankan ládùúgbò wa. Báwo ni oníbàárà mi yóò ṣe délé? Ẹ ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn, kí lẹ fi rọ́pò rẹ̀? Ẹ kò lè gba ẹsẹ̀ ẹni kí ẹ ní kó máa rìn."

Mo pàtẹ́wọ́. Kó tó yé mi pé alátakò mi ni, mo ti pàtẹ́wọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn gbà á. Aṣòfin wa tẹ orí ba, ó ń kọ̀wé kíákíá: ọkọ̀ èrò alẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú àbá náà.

Alága ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ṣí fìlà. Ó ní iye tí ẹ̀rọ bá sọ, kó jáde lórí bébà, kí wọ́n fún awakọ̀ ní tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ọlọ́pàá má bàa sọ ọ́ di oúnjẹ. Ó wá ní, "Mo ti ń ṣe awakọ̀ láti kékeré. Mo rò pé mo mọ ìgbà tí ọtí bá gùn mí. Ó ń gba ẹsẹ̀ mi kí n tó mọ̀ pé ó gùn mí. Ọgọ́rin ti pọ̀ jù fún awakọ̀. Ẹni tó bá sì gbé ọmọ ọlọ́mọ dání, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tiẹ̀ sí ogún." Ó jókòó. Àga ké.

Níta, Màmá Kékeré dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi.

"O pàtẹ́wọ́ fún mi."

"Òótọ́ lẹ sọ, Màmá."

"Gbé mi délé. Bàtà yìí ń ta mí."

A kò dárúkọ ọtí títí a fi délé. Ó ní kí n wọlé wá jẹun. Mo jẹ àjẹyó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Aṣòfin pè. Wọn kò ní gba ogún fún gbogbo ènìyàn. Àádọ́ta ni wọ́n lè gbà, ogún fún awakọ̀ èrò àti ẹni tí ìwé àṣẹ rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì. Mo bínú, mo ní kó má gbà. Ó jẹ́ kí n bínú tán.

"Tíṣà, ẹni tó gbá àbúrò yín, ṣé yóò ṣẹ̀ sí àádọ́ta àbí kò ní ṣẹ̀?"

"Yóò ṣẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká mú ìyẹn wálé ná."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ó wọlé! Ó wọlé! Ó wọlé!

Àwọn aṣòfin tó fi aṣòfin wa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí náà na ọwọ́ sókè, ọ̀kan na méjèèjì, wọ́n ní kó sọ ọ̀kan kalẹ̀. Aṣòfin wa bọ́ bàtà lábẹ́ tábìlì, ó ń jó níjòókòó. Lókè níbi tí a wà, Alága gbé àbúrò mi kúrò nílẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. "Rọra o, ọwọ́ mi!" àbúrò mi ń ké, ó sì ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ mi tí kì í kọrin rárá kọrin látibẹ̀ délé, kò sì mọ ọ̀rọ̀ orin náà.

Àwa èèyàn kékeré la yí òfin padà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè tún un kà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Òfin bẹ̀rẹ̀ lánàá. Mo dé ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ yìí, mo rò pé ìjà ló ṣẹlẹ̀ lẹ́nu géètì. Àwọn ìyàwó ilé ni! Ọkọ wọn ló ní kí wọ́n wá kọ́ ọkọ̀ wíwà, kí ẹnì kan lè máa gbé àwọn relé láti òde. Ọ̀kan ní, "Tíṣà, ọdún mẹ́wàá ni mo fi bẹ̀ ẹ́ pé mo fẹ́ kọ́ ọ. Ó ní ọkọ̀ kì í ṣe ti obìnrin. Lánàá, ó fọwọ́ ara rẹ̀ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Mo ní láti wá olùkọ́ kejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Èyí tó yà mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ: Màmá Kékeré wọlé, ó jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́, ó gbé báàgì sórí itan. Ó ti ra bọ́ọ̀sì àlòkù kan. Ó ní ọkọ̀ alẹ́ ìjọba kò tíì débẹ̀, òun kò sì lè dúró dè wọ́n. Òun fúnra òun ni yóò máa gbé àwọn oníbàárà òun délé.

"Ní ọjọ́ orí yín, Màmá?"

"Ṣé ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì? Bẹ̀rẹ̀, jàre. Mo sanwó."

Ó pa ẹ́ńjìnì ọkọ̀ mi títí mo fi gbàgbé ìró rẹ̀. Ó bú ọkọ̀, ó bú ọ̀nà, ó ní ojú pópó ni kò tọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Màmá Kékeré yege ìdánwò ìwakọ̀ lánàá. Ẹni tó dán an wò ní òun kò rí ẹni tó ń wo jígí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nírọ̀lẹ́ òní, mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, bọ́ọ̀sì rẹ̀ sì ń bọ̀ jẹ́jẹ́, iná ìdarí ń ṣẹ́jú, ọkùnrin kún inú rẹ̀ bámúbámú, wọ́n ń kọrin. Ó ti lẹ ìkìlọ̀ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì, lẹ́tà rẹ̀ tóbi gan-an: ẸNI TÓ BÁ BÌ SÍNÚ ỌKỌ̀ MI YÓÒ FỌ̀ Ọ́. Ó jókòó gaga sídìí ìdarí, gèlè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Ó tẹ họ́ọ̀nù fún mi, kò gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀ títí ó fi yí kọ́nà.